Ṣítù Mofojúríi àti Ikùn Ọkọ̀ Kẹrin

Àlìhámúdù lílàhì. Ọpẹ́ ni fún Ọba tó dá ojú, tó mọ ohun tí ojú wò, tó sì mọ èyí tí ojú ò wò tí ẹnu ní òun wò. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá Ànábì wa àti gbogbo ẹni tó tẹ̀lé e lọ́nà òdodo. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró sẹ́yìn níbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sá, mo kí yín. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí, tí ẹ tìtorí ìyàwó wá, ẹ káàbọ̀. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ tòní ò kàn yín. Ó kàn yín dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ ní gbangba kó má bàa sí ẹni tó máa ní òun ò mọ ibi tí mò ń lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí jíjẹ́ ni. Ohun tí ojú rẹ ò bá rí, má sọ pé o rí i. Ó parí! Ọba wa ti kìlọ̀ fún wa pé ká má tọ ohun tí a ò ní ìmọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, pé etí, ojú àti ọkàn, gbogbo wọn la máa bi léèrè. Ajanásì, ìwọ tó ń bá wa ka Kùránì, ṣé bẹ́ẹ̀ ló wà? Ó ní bẹ́ẹ̀ ló wà. Àṣé o ò tíì sùn.

Kí ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá? Láàárọ̀ yìí, nígbà tí a fẹ́ so yìgì, mo ní kí ẹlẹ́rìí méjì jáde wá. Ọkùnrin mẹ́fà ló sáré jáde! Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé, "Ṣé o mọ ọkọ?" Ó ní rárá. "Ṣé o mọ ìyàwó?" Ó ní rárá, àmọ́ òun lè jẹ́rìí. Jẹ́rìí sí kí ni? Sí ìrẹsì? Ẹ má wò ó o, ó wà láàárín yín, ó ti bojú.

Ẹ fi ọkàn bá mi lọ. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, èbúté ló ti ṣẹlẹ̀. Èbúté wo? Mi ò ní dárúkọ. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀ báyìí, kó tó di ọ̀la ẹnìkan á ti gbé kámẹ́rà wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹ ṣáà mọ̀ pé èbúté tí ọkọ̀ òkun ti ń já àlìkámà ni. Àlìkámà yìí ni wọ́n ń lọ̀ tó ń di fúláwà, tó ń di búrẹ́dì tí ẹ jẹ wá síbí. Ẹ̀yin rò pé inú àpò ló ń bá dé? Rárá o! Ṣe ni wọ́n ń dà á sínú ikùn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, láìsí àpò, láìsí páálí, bí ẹ ṣe ń da gààrí sínú ike nílé. Ikùn ọkọ̀ kan ṣoṣo lè gbé ilé alájà mẹ́ta mì. Ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí, ikùn márùn-ún ló ní, ìkọ̀ọ̀kan ló sì ní ìdérí irin tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń ṣí i, ẹ̀rọ ló ń tì í.

Tí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, ọwọ́ irin ńlá kan á máa ti òkè wá, á bu àlìkámà, á lọ dà á sínú àrọ irin tó ga bí ilé. Tírélà á ti dúró lábẹ́ àrọ náà, á gbà á, á gbé e lọ. Bí wọ́n á ṣe máa ṣe é nìyẹn fún ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún. Ṣùgbọ́n ọwọ́ irin ò lè kó o tán. Èyí tó bá kù sí kọ̀rọ̀, tó há sẹ́yìn irin, èèyàn ló máa sọ̀kalẹ̀ lọ fi ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì gbá a jọ. Ojú ihò kékeré kan làwọn agbálẹ̀ ń gbà wọlé, wọ́n á wá tẹ àkàbà irin títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ gbọ́, àkàbà yẹn gùn! Tí o bá dúró lẹ́nu ihò tí o wo ìsàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí o ti dá láti kékeré lo máa rántí.

Ó dáa. Tí àwọn agbálẹ̀ bá ti ṣe tán, tí wọ́n ti gòkè, ẹnìkan wà tó gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn wọn. Iṣẹ́ ẹni yìí ni kó fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo kọ̀rọ̀, kó wo ẹ̀yìn irin, kó wo abẹ́ àkàbà, kó tó fọwọ́ sí ìwé. Ìwé náà ní: "Èmi lágbájá, mo sọ̀kalẹ̀, mo fojú ara mi rí i pé ikùn ọkọ̀ yìí ti mọ́, kò ku ẹrù, kò sì ku èèyàn." Ìgbà tó bá fọwọ́ sí i ni wọ́n tó lè ti ìdérí pa. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ìwé nìyẹn àbí àmáánà? Àmáánà ni, ohun tí wọ́n fọkàn tán ọ fi sí ọ níkàáwọ́! Ọkùnrin tí wọ́n gbé àmáánà yìí lé lọ́wọ́, Ṣítù lorúkọ rẹ̀.

Ṣítù yìí, sáàfù àkọ́kọ́ ló máa ń dúró sí ní mọ́sálásí. Ó sanra, ó gbayì, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kí yín kí òun fúnra rẹ̀ tó kí yín. Aṣọ funfun ló sì máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Funfun báláú! Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fọṣọ, ẹ dákun, ẹni tó wọ ibi tí wọ́n ti ń gbá eruku àlìkámà láti ọjọ́ márùn-ún, ṣé aṣọ rẹ̀ á jáde ní funfun? Ṣé ó ṣeé ṣe? Àwọn ọkùnrin ò lè dáhùn, wọn ò fọṣọ rí.

Ṣítù náà mọ̀ pé ẹnìkan lè bèèrè. Ìdí nìyẹn tó fi ní ọ̀rá. Ẹ jẹ́ kí n là á fún yín: ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni bàbá yìí fi ṣe iṣẹ́ náà, kò sọ̀kalẹ̀ rí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ẹ̀rù àkàbà ń bà á, ihò yẹn sì kéré fún un. Ohun tó máa ń ṣe ni pé tí àwọn agbálẹ̀ bá ti gòkè, tí kálukú ń wá omi tó máa mu, á lọ sẹ́nu ihò, á ní "Bìsìmílàhì" kí wọ́n gbọ́, á kẹ́yìn sí wọn, á yọ ọ̀rá kékeré kan jáde lápò. Eruku ló wà ńbẹ̀! Á fi díẹ̀ sí èjìká, á fi díẹ̀ sí orúnkún, á fi díẹ̀ ra iwájú orí, á wá máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Àráfà. "Haa! Inú ibẹ̀ gbóná o! Wàláhì, mo fojú rí i, ó mọ́ tónítóní!" Á sì fọwọ́ sí i. Gbogbo èbúté ló ń pè é ní Ṣítù Mofojúríi.

Ó mọ́ ọn lára débi pé ó gbé e dé ilé. Èèyàn méjì jà ládùúgbò, Ìbàdàn ni Ṣítù wà lọ́jọ́ náà. Ó dé, ó ní òun lòun máa jẹ́rìí, òun fojú rí i. Wọ́n ní, "Bàbá Ṣẹ́rífù, ẹ ò mà sí nílé." Ó ní, "Ojú ọkàn ni mo fi rí i." Ẹ gbọ́ mi, ojú ọkàn! Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìyàwó kan ló ní, Sífáwù. Sífáwù yìí, tó bá bi ọ́ ní ìbéèrè, wàá fẹ́ kó jẹ́ pé ọlọ́pàá ló bi ọ́. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ni Sífáwù ní láyé, Tíjání, ó sì wà lára àwọn agbálẹ̀ inú ọkọ̀ tí mò ń sọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Tíjání. Ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé mọ̀lẹ́kà dúró tì í pẹ̀lú kálàmù, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá fẹ́ràn ọkọ àbúrò rẹ̀ yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Tí wọ́n bá ń fi Ṣítù ṣe yẹ̀yẹ́ níbi iṣẹ́, Tíjání á fa ojú ro: "Ẹ fi àna mi sílẹ̀ o. Èèyàn Ọlọ́hun ni."

Ó wá di ọjọ́ Àlàmísì kan, lẹ́yìn ìrun Àìlà. Ọkọ̀ àlìkámà yìí ti já ẹrù tán, ó fẹ́ lọ sí Bùràsíìlì. Òjò ṣú bọ̀. Òjò sì ni ọ̀tá irú ọkọ̀ báyìí, torí tí omi bá wọ ikùn tí wọ́n ti gbá mọ́, ìyà ni wọ́n máa fi gbẹ ẹ́. Ọ̀gá ọkọ̀, òyìnbó gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín, wá ń rìn sókè rìn sódò, ó ń wo ojú ọ̀run. Ó ti ránṣẹ́ sí àwọn ọkọ̀ kékeré méjì tó máa fà á jáde sójú òkun. Wọ́n ti dé, wọ́n ti ń so okùn.

Nínú ikùn kẹrin, agbálẹ̀ méjìlá ló wà ńbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gòkè bọ̀, Tíjání rí i pé àlìkámà díẹ̀ ṣì kù sẹ́yìn irin kan. Ó ní, "Ẹ máa lọ, mò ń bọ̀. Àna mi ló ń bọ̀ wá wo ibí, mi ò fẹ́ kó bá ìdọ̀tí." Ó padà, ó gbá a, ó kó o sínú báágì tí wọ́n fi okùn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fà á gòkè, wọ́n lọ mu omi, wọ́n rò pé ó ti ń bọ̀ lẹ́yìn. Iṣẹ́ parí. Ló bá ní kí òun fẹ̀yìn ti irin díẹ̀, kí òun gba atẹ́gùn. Oorun gbé e lọ. Ṣé ẹ̀yin ò mọ oorun ẹ̀yìn Àìlà ni? Ìwọ tó dé fìlà aláwọ̀ ewé yẹn, ṣé o ò mọ̀ ọ́n? Ẹ bá mi jí i!

Lókè, Ṣítù dé ẹnu ihò. Ó ní "Bìsìmílàhì." Ó kẹ́yìn sí wọn. Ó ti ọwọ́ bọ àpò. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ o. Ọ̀rá méjì ló wà lápò rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ tó ṣe ní ọjọ́ Àtàláátà, òkúta sìmẹ́ǹtì tí wọn ò tíì lọ̀ ló kó wá. Ẹrù kọ̀ọ̀kan tó ń bọ̀ bẹ́ẹ̀ láìsí nínú àpò, ó ní eruku tirẹ̀. Ti àlìkámà rí bí èlùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kù. Ti òkúta sìmẹ́ǹtì dúdú bí eérú ìdí àdògán. Ṣítù ò wo ọ̀rá tó fà yọ. Ẹni tí kì í wo ikùn ọkọ̀, ṣé ọ̀rá ló máa wò? Ó bu eruku, ó fi sí èjìká, ó fi sí orúnkún, ó fi ra iwájú orí dáadáa. Sìmẹ́ǹtì! Lórí aṣọ funfun! Ó wá rí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú jáde lábẹ́ ilé tó wó.

Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó lọ bá ọ̀gá ọkọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ o, èmi ni mò ń tú u fún yín.

"Ọ̀gbẹ́ni Ṣítù, kí ló dúdú sí ọ lára yìí?"

"Eruku ni, ọ̀gá. Ikùn kẹrin ni mo ti ń bọ̀."

"Àlìkámà ni mo kó wá. Ṣé àlìkámà mi dúdú ni?"

Ṣítù wo èjìká ara rẹ̀.  Kí ló yẹ kó sọ? Ṣebí òótọ́ ló yẹ kó sọ! Ó ní, "Haa, ọ̀gá, ìsàlẹ̀ yẹn ṣókùnkùn púpọ̀. Eruku tó bá pẹ́ nínú òkùnkùn, ó máa ń dúdú."

Sùbùhánálàhì! Àgbàlagbà tó bí ọmọ mẹ́rin ló sọ bẹ́ẹ̀! Eruku tó pẹ́ nínú òkùnkùn! Ajanásì, ìwọ náà gbọ́ ọ?

Ọ̀gá ọkọ̀ wò ó títí. "Ṣé o sọ̀kalẹ̀?"

"Mo sọ̀kalẹ̀."

"Ìkẹrin náà?"

"Wàláhì, ọ̀gá, ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i. Kò sí ẹrù, kò sí èèyàn, kòkòrò gan-an ò sí níbẹ̀."

Òjò ti fẹ́ dé, ọ̀gá ọkọ̀ ò ráyè àròyé. Ṣítù fọwọ́ sí ìwé márààrún. Wọ́n ti ihò kékeré pa, ìdérí ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, gììììrì, gììììrì, gbàmù! Ó tì.

Ṣítù ti ń lọ sílé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìdérí kẹrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbá nǹkan. Ó wò ó, sálúbàtà ni. Àwọn agbálẹ̀ máa ń bọ́ sálúbàtà wọn sẹ́nu ihò kí wọ́n tó wọ bàtà iṣẹ́, tí wọ́n bá gòkè wọ́n á tún wọ̀ ọ́. Ti ọ̀tún búlúù, ti òsì pupa. Ta ni ò mọ sálúbàtà yẹn ní gbogbo àdúgbò? Ọ̀kan já nígbà ọdún Iléyá, Tíjání lọ mú ti ọmọ rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Lákòókò yìí kan náà, Gbádégẹṣin, olórí àwọn agbálẹ̀, ń gba akoto tí wọ́n ń dé sórí ṣiṣẹ́ padà lọ́wọ́ wọn lẹ́bàá àtẹ̀gùn tí wọ́n ń gbà bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ṣítù gbọ́ ohùn rẹ̀: "Mọ́kànlá ni mo rí. Ta ló gbé akoto mi lọ?"

 Ṣítù gbọ́ ohùn Sífáwù nínú orí ara rẹ̀ bí ẹni pé ó dúró níbẹ̀. "Bàbá Ṣẹ́rífù, ẹ̀gbọ́n mi dà?" "Ó rìnrìn àjò." "Lọ sí ibo?" "Bùràsíìlì." "Kí ló lọ ṣe ní Bùràsíìlì?" "Ó... ó ń gbálẹ̀."

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dá ẹ̀rín dúró díẹ̀. Ó lé lọ́jọ́ mẹ́wàá kí ọkọ̀ yẹn tó dé ibi tó ń lọ, kò sì sẹ́ni tó máa ṣí ikùn yẹn lójú ọ̀nà. Irin gbígbóná, kò sí omi, kò sí ìmọ́lẹ̀. Èèyàn máa kú sínú ibẹ̀. Èèyàn tó ní ìyàwó, tó ní ọmọ, tí ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn kan péré ló sì lè gbà á là: "Mo purọ́, mi ò wo ibẹ̀." Ṣé gbólóhùn yẹn wúwo? Ẹ̀yin rò pé Ṣítù sáré lọ sọ ọ́?

Hẹ̀n-ẹ́n! Ó sáré lọ bá ọ̀gá ọkọ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí ìkẹrin. Tẹ̀sùbáà mi ló bọ́ síbẹ̀."

"Kí ni tẹ̀sùbáà?"

"Ìlẹ̀kẹ̀ tí a fi ń ṣe àdúrà ni."

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà, ọmọ Indonéṣíà, Mùsùlùmí ni. Bó ṣe gbọ́ ọ báyìí, àánú Ṣítù ṣe é. Ó fa tẹ̀sùbáà tirẹ̀ yọ lápò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un: "Gbà, arákùnrin mi, fí sàbílílàhì, nítorí Ọlọ́hun." Ṣítù dúró síbẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó ní, "Tèmi yẹn, Mẹ́kà ló ti wá." Ọmọ Indonéṣíà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Èyí náà, Mẹ́kà ló ti wá." Ẹ wo bí ọmọlúwàbí ṣe ń dí irọ́ lójú ọ̀nà!

Wọ́n ṣì wà lórí ìyẹn ni wọ́n gbọ́ ìró láti ìsàlẹ̀. Kó, kó, kó.

Ọ̀gá ọkọ̀ gbé etí sókè. "Kí nìyẹn?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ èyí, torí òun gan-an ni mo ṣe ń sọ ìtàn yìí. Ṣítù fẹ́ kí wọ́n ṣí ibẹ̀. Ohun tó ń wá gan-an nìyẹn. Kó ṣáà dákẹ́ ẹnu ni, ìbá ti bọ́! Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti ń purọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án, ṣé ó ń dúró de olówó rẹ̀ ni? Lójú ẹsẹ̀, ẹnu rẹ̀ ní, "Irin ló ń tutù, ọ̀gá." Ó sọ ọ́ tán, ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ó ti pẹ́.

Kó, kó, kó.

"Irin tó ń tutù ló ń kàn mẹ́ta mẹ́ta?"

"Wà..." Ṣítù fẹ́ búra. "Wà... wàlá..." Kò jáde. Ìbúra tí kì í tì í lójú láàárọ̀ lálẹ́ ló já a kulẹ̀. Wọ́n ti ń tú okùn kúrò létíkun. Gbádégẹṣin ń pariwo láti ẹ̀bá àtẹ̀gùn pé kí gbogbo èèyàn èbúté máa sọ̀kalẹ̀, wọ́n fẹ́ fa àtẹ̀gùn sókè. Ọ̀gá ọkọ̀ ní, "O fọwọ́ sí i pé kò sí èèyàn níbẹ̀. O búra fún mi. Àbí o purọ́ ni? Tí o ò bá purọ́, sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ mi, a ti ń lọ."

Ìwọ tó jókòó níbẹ̀ yẹn, tó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́? Iṣẹ́ rẹ, orúkọ rẹ, sáàfù àkọ́kọ́ rẹ, gbogbo rẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Tíjání wà lápá òsì.

Ṣítù wólẹ̀ sórí irin. Ó figbe ta! "Mi ò sọ̀kalẹ̀! Ọ̀gá, mi ò sọ̀kalẹ̀! Mo purọ́! Ojú mi ò rí nǹkan kan! Àna mi ló wà níbẹ̀, ẹ gbà mí!"

 Gbádégẹṣin rọra rìn wá, akoto mọ́kànlá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ṣẹ́rífù, ẹ ò sọ̀kalẹ̀ lónìí?"

"Mi ò sọ̀kalẹ̀."

"Ti ọjọ́ Àtàláátà ńkọ́?"

"Mi ò sọ̀kalẹ̀."

"Ti ọdún tó kọjá, èyí tí ẹ ní ooru inú rẹ̀ fẹ́ pa yín, tí a gbé yín lọ sílé ìwòsàn?"

Ṣítù ní, "Ìrẹsì ni mo jẹ jù lọ́jọ́ yẹn."

Ọ̀gá ọkọ̀ ní kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró, kí wọ́n ṣí ihò kẹrin. Ọmọ Indonéṣíà ti fẹ́ wọlé, ọ̀gá ọkọ̀ fà á sẹ́yìn. Ó nawọ́ sí Ṣítù: "Ìwọ lo fọwọ́ sí i. Ìwọ lo máa lọ mú un wá."

Haa! Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ní ihò yẹn kéré? Ẹsẹ̀ wọlé, ikùn ò wọlé. Gbádégẹṣin àti èèyàn méjì ló tẹ̀ ẹ́ léjìká mọ́lẹ̀. Aṣọ ya, pẹ̀ẹ̀ẹ̀! Ṣítù bọ́ sórí àkàbà. Ó ka Fàtíà, ó ka Kúlúwà, ó tún ka àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà. Ìgbésẹ̀ kan, àsítágífírúlàhì. Ìgbésẹ̀ kejì, àsítágífírúlàhì. Eruku àlìkámà tòótọ́ wá ń bà lé e lórí, ó ń wọ̀ ọ́ nímú, òkùnkùn bò ó.  Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìsàlẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ kan nísàlẹ̀.

"Ẹ rọra o, àna mi. Irin àkàbà tó kẹ́yìn ti yẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ òsì síwájú. Ẹ̀hẹ́n. Mo ti dì yín mú."

Tíjání ni. Akoto wà lórí rẹ̀, ìgbálẹ̀ wà lábíyá rẹ̀. Ó di Ṣítù mú lápá, ó gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé arúgbó sọ̀ nínú mọ́tò. Ṣítù bú sẹ́kún. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ẹ forí jì mí nítorí Ọlọ́hun."

"Kí lẹ ṣe? Èmi ló yẹ kí n bẹ̀ yín, oorun ló gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, mo rí i pé wọ́n ti ti òkè. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Mo wá ní, rárá, Bàbá Ṣẹ́rífù ò tíì wá wo ibí. Ó sì gbọ́dọ̀ wá wò ó kó tó fọwọ́ sí i, torí kì í sọ pé òun rí ohun tí kò bá rí. Ọkàn mi bá balẹ̀. Mo jókòó, mo ń dúró dè yín."

Ṣítù ní, "Ẹ̀yin lẹ sì ń lu irin?"

"Èmi ni. Mo ń lu àkàbà kí ẹ lè mọ ibi tó wà nínú òkùnkùn. Mi ò fẹ́ kí ẹ ṣubú."

 Ṣítù jókòó sórí irin tí Tíjání gbá, ó fi orí sáàárín orúnkún, ó sunkún bí ọmọdé. Tíjání ń gbọn eruku kúrò lára rẹ̀.

Wọ́n gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ Ṣítù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Gbádégẹṣin ló bá a bẹ àwọn ọ̀gá, wọ́n fún un ní ìgbálẹ̀. Ó di agbálẹ̀ lábẹ́ Tíjání. Ó ti fọn, ihò ti gbà á báyìí. Ní ti ìdájọ́ Sífáwù, ẹ̀yin tí ẹ ní ìyàwó nílé, ẹ lè rò ó fúnra yín.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rín sílẹ̀ wàyí. Ọkùnrin kan jókòó nínú òkùnkùn, ìdérí ti tì, ọkọ̀ fẹ́ lọ, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Orí kí ló gbé ọkàn rẹ̀ lé? Orí ẹ̀rí àna rẹ̀. Irọ́ ni ẹ̀rí náà, kò mọ̀. Ìwọ tó ń fọwọ́ sí ìwé pé bírékì mọ́tò yìí dáa, o ò tẹ̀ ẹ́ wò, ẹnìkan ti wọ mọ́tò yẹn, ó ti sùn. Ìwọ nọ́ọ̀sì tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ti wo aláìsàn, o ò dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, aláìsàn yẹn ń wo ẹnu ọ̀nà, ó ń retí rẹ. Ìwọ ìyá tó ní, "Ẹ fẹ́ ẹ fún un, mo mọ̀ ọ́n dáadáa," tó sì jẹ́ pé orí ìkíni lásán lẹ ti pàdé, ọmọ ọlọ́mọ ti di ẹrù rẹ̀ lé orí ọ̀rọ̀ rẹ. Wọn ò ní bá ọ jà. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀. Wọ́n gbà ọ́ gbọ́ ni.

Tí o ò bá rí i, sọ pé o ò rí i. Tí o bá sì ti sọ pé o rí i, tí o ò rí i, tètè pariwo kí ọkọ̀ tó lọ. Kò sí ìtìjú kan níbẹ̀ tó wúwo tó òkú èèyàn.

Ẹ tẹ́ ọwọ́ yín. Ọlọ́hun Ọba tó ń rí wa níbi tí èèyàn ò ti rí wa, fún wa ní ojú tó ń wo nǹkan kí ẹnu wa tó sọ ọ́. Ẹ̀rí irọ́ tí a ti jẹ́ sẹ́yìn, tó ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn, fi èyí tó burú jù hàn wá, kí a lè sáré lọ ṣí i. Má ṣe jẹ́ kí ahọ́n wa yára ju ọkàn wa lọ. Ìyàwó àti ọkọ wa tòní, má jẹ́ kí ọ̀kan fi ọ̀rọ̀ tí kò dá a lójú fi ọkàn èkejì balẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé wa níbi tí a ò ti rí i, Ọlọ́hun, má jẹ́ kó fi ẹ̀mí rẹ̀ san án. Àmín, yáà Ọlọ́hun.